Ó Wọlé, Kò Ṣiṣẹ́: Ìkìlọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Láti ìgbà tí Microsoft ti fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ bọ́ sórí Windows 11. Wọ́n á gbọ́ pé láti ìran kẹjọ ni Windows 11 ti ń gba processor Intel, wọ́n á kówó, ó di ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, l'Ékòó.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Orí ìjókòó kan náà ni ìran kẹfà àti ìran kẹjọ ń jókòó, LGA 1151 lorúkọ rẹ̀. Á wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún ìran kẹfà kì í bá ìran kẹjọ ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: iná tàn, fáànù ń yí, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Nígbà tó gbé e padà lọ, ẹni tó tà á ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Owó ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, láti ibẹ̀ dé Èkó, lọ àti bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ ṣègbé.

RAM ní tirẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ wo etí rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà, gígé kékeré kan wà níbẹ̀. Ibi tí ti DDR3 wà kọ́ ni ti DDR4 wà. Ẹsẹ̀ 240 ni DDR3 ní, DDR4 ní 288. Bó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní tipátipá. Bọ́ọ̀dù lẹ máa fi bàjẹ́.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ msinfo32, orúkọ bọ́ọ̀dù yín á jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é máa ń to àwọn processor tó ń gbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí èyí tí ẹ fẹ́ kò bá sí níbẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín de kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà dání, kí wọ́n dán an wò níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀ láti dán an wò, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, tàbí tí ẹ ń pààrọ̀ power pack, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òmíràn ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ti Amẹ́ríkà ni 115, tiwa ni 230. Ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó ki wáyà bọ iná. Bí ẹ bá gbàgbé, á dún gbàmù, power pack náà á sì jóná.