Ohùn Àdúgbò Nínú Ìròyìn Orí Ayélujára

Èròǹgbà ẹ̀kọ́: Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi ìròyìn tó dájú ránṣẹ́ sí àwọn ìkànnì tó ń gbé ìròyìn àdúgbò jáde, kí ó sì mọ ààlà tí òfin pa.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Lóde òní, fóònù ọmọ ẹgbẹ́ kan ti tó láti fi ọ̀rọ̀ àdúgbò dé ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ọmọ bíbí ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ yóò ti kà á.

Ìròyìn tó wúlò

Ẹ jẹ́ kí a fi gọ́tà tó dí ṣe àpẹẹrẹ. Bí alukoro ẹgbẹ́ bá kọ̀wé pé ìjọba ti gbàgbé wọn, igbe lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ orúkọ òpópónà, ọjọ́ tí òjò rọ̀, iye ilé tí omi wọ̀ àti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, tí ó sì fi àwòrán tì í, olóòtú yóò rí ohun tí ó lè wádìí, ìjọba yóò sì rí ohun tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Àwọn ohun kan wà tí òfin náà yọ sílẹ̀. Èyí tí kò bá sí lára wọn, ọjọ́ 7 ni ilé iṣẹ́ náà ní láti fi dáhùn. Ẹgbẹ́ lè tipa báyìí béèrè iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ gọ́tà náà fún agbaṣẹ́ṣe, kí ó sì fi èsì ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin

1. Kí ẹgbẹ́ yan alukoro kan ṣoṣo tí yóò máa bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀, kí ohùn má baà di méjì.
2. Kí ẹni méjì, ó kéré tán, tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn jẹ́rìí sí i kí ó tó jáde.
3. Kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.
4. Bí iṣẹ́ bá di ṣíṣe, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n sì kọ iye owó tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ dá àti bí wọ́n ṣe ná an. Ẹni tó ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ lè ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Ìkìlọ̀

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí wọ́n bá gbé àwòrán àjèjì kan jáde pé gbọ́mọgbọ́mọ ni, kí ọlọ́pàá tó wádìí, àwọn ènìyàn lè lù ú pa. Àtúnṣe tí wọ́n bá kọ lọ́jọ́ kejì kò lè jí òkú. Àgọ́ ọlọ́pàá ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Ní àdúgbò tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ti pọ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀yà afurasí ṣe àkọlé ìròyìn: ẹnìkan ló ṣẹ̀, kì í ṣe ìran rẹ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, fi ìyà jẹ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tan irọ́ kálẹ̀ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ènìyàn wewu.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ọ̀rọ̀ wo ní àdúgbò yín ló yẹ kí ìjọba gbọ́? Ẹ̀rí wo lẹ ní?
2. Ta ni yóò yẹ ìròyìn wò kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́?
3. Bí ìròyìn yín bá ní àṣìṣe, báwo lẹ ó ṣe tètè tún un ṣe?