Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Mẹkáníìkì

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Mo fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ó ná mi lówó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo sọ fún ọkùnrin náà: "Mọ́tò mi ń gbọ̀n." Ó ní òun ti gbọ́. Ó tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé wọn lọ fún àwọn tó ń ṣe báláǹsì. Mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. Ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì síìtì. Mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí iṣẹ́ ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan sípánà tó fi bi mí pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo ló máa ń gbọ̀n? Ọwọ́ yín ló máa ń gbọ̀n ni, àbí ìdí yín lórí ìjókòó?"

Mo ní, "Bàbá, tí mo bá tẹ bíréèkì lójú eré ni. Ọwọ́ mi lórí sítíárìn ló máa ń gbọ̀n."

Ó ní, "Ẹ wo dísìkì ẹsẹ̀ iwájú." Ibẹ̀ náà ló wà.

Àárín àwọn tó ti mọ orí ọ̀rọ̀ ṣáájú ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì kò sí nínú ọkọ̀ nígbà tó ń gbọ̀n. Ẹni tó wà á nìkan ló mọ̀ ọ́n lára, ọkọ̀ kò sì lẹ́nu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tá a nílò láti fi ròyìn àìsàn yìí ló wà nínú èdè wa, ó kàn jẹ́ pé a kì í lò wọ́n tán ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí "gbọ̀n" fúnra rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bá a bá fún un ní ohùn òkè, ó di "gbọ́n", ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì láìfi àmì sí i, méjèèjì ló kọ pa pọ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ (ohun tí à ń gbọ̀n), ohùn ìsàlẹ̀ náà a di ti àárín: aṣọ ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ìyá gbọn aṣọ kó tó sá a. Ìyàtọ̀ yìí wúlò ní ṣọ́ọ̀bù. "Ọkọ̀ ń gbọ̀n" kò dárúkọ ẹni tó ń gbọ̀n ọ́n. "Bíréèkì ló ń gbọn ọkọ̀" ti dárúkọ afurasí. Olùwà gbólóhùn ni mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí náà, ẹ má fi ohun tí kò dá yín lójú ṣe olùwà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àkókò. "Ń gbọ̀n" lásán lè túmọ̀ sí pé ó ń gbọ̀n lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń gbọ̀n nìyẹn lójú eré, yálà ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì tàbí kò sí níbẹ̀, báláǹsì tàbí táyà ni ká kọ́kọ́ fura sí. "Máa ń gbọ̀n tí mo bá tẹ bíréèkì" jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Bíréèkì ni gbólóhùn yẹn ń nàka sí. "Máa ń" àti "tí mo bá" tí mi ò sọ lọ́jọ́ náà ni mo fi owó báláǹsì àti owó ẹ́ńjìnnì síìtì san.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni irú ìgbọ̀n tó jẹ́. Igi ńlá ló ń mì, ilẹ̀ ló ń mì tìtì: ohun tó tóbi tó sì ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ló ni "mì". Ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ bá ń lọ síwá-sẹ́yìn, ó ń mì jìgìjìgì nìyẹn. "Gbọ̀n" kéré sí i, ó sì yára jù ú lọ, bí ara ẹni tí òtútù mú. Lórí eré bíi kìlómítà 100 ní wákàtí kan, sítíárìn ọkọ̀ tí dísìkì rẹ̀ kò dára a máa gbọ̀n rìrì téèyàn bá tẹ bíréèkì. Bí eré bá ti ń rẹlẹ̀, rìrì náà á tú sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan: gbì, gbì, gbì, títí ọkọ̀ á fi dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tó nípọn lára dísìkì ń gba àárín páàdì bíréèkì kọjá lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yí po. Ẹ rí i pé àpètúnpè inú èdè wa ń ka yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fún mẹkáníìkì. Ẹni tó bá sọ pé "rìrì ni, ó wá di gbì, gbì" ti ròyìn tán.

Ọ̀tọ̀ ni "ta". Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì lójú ọ̀nà tó ń yọ̀, tí pẹ́dààlì sì ń ta yín lẹ́sẹ̀ kíákíá, ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àìsàn. "Fà" náà dá dúró: ọkọ̀ tó ń fà sí ọ̀tún tàbí sí òsì tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lè ní kálípà tó ti há. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí irin ń ha irin, páàdì ti jẹ tán, ẹ má dá a dọ̀la.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni ibi tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ ọwọ́ lórí sítíárìn, ẹsẹ̀ iwájú ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ ìdí lórí ìjókòó, tí sítíárìn sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n á wo ẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ tún ṣe, tàwọn mẹkáníìkì gan-an ni. Wọ́n sábà máa ń ní "dísìkì ti wọ́". Ohun tó wọ́ ni ohun tí kò gún mọ́, bí igi tó tẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, dísìkì náà kò wọ́. Ó jẹ ni, jíjẹ rẹ̀ ni kò dọ́gba: ó nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Ìyàtọ̀ tí kò ju 0.02 mìlímítà lọ, tí kò nípọn tó irun orí, lè mú kí sítíárìn gbọ̀n. Ẹni tó bá gbà pé ó wọ́ á kàn ra tuntun. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó jẹ láìdọ́gba á béèrè ohun tó fà á: ṣé wọ́n di nọ́ọ̀tì táyà le jura lọ ni? Ṣé ìpẹtà wà láàárín dísìkì àti họ́ọ̀bù? Bí wọn kò bá mú ìdí náà kúrò, dísìkì tuntun á tún jẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fá ojú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye tí ilé iṣẹ́ kọ sára dísìkì pé kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá "bíréèkì" tọ̀nà, tàbí "ìjánu" ló yẹ ká máa pè é. Méjèèjì tọ̀nà. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu ti wá, òun náà ló wà nínú ìkóra-ẹni-níjàánu, ó sì yẹ ìwé àti ìròyìn. Ní ṣọ́ọ̀bù, bíréèkì ni kẹ́ ẹ pè é, kí ẹni tó máa tún un ṣe lè gbọ́ yín yé.

Mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, ẹ to gbólóhùn yín pé. Irú èyí dára: "Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá tẹ bíréèkì lórí eré tó kọjá 80, sítíárìn máa ń gbọ̀n rìrì, tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, kì í gbọ̀n." Ẹ̀yin mẹkáníìkì náà, bí oníbàárà bá mú àbọ̀ ọ̀rọ̀ wá, ẹ bi í ní ìyókù kẹ́ ẹ tó mú sípánà.