Àkànní, Má Ra Íntánẹ́ẹ̀tì Kún Íntánẹ́ẹ̀tì Mọ́

Àkànní, fi fóònù yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́ mi. O tún ti lọ sanwó fún ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àbí? Ṣé orí àtàn lo ti ń ṣa owó ni? Mẹ́gábíìtì 50 wà nílẹ̀, o lọ gbé 100, ohùn rẹ ṣì ń já síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Yorùbá ní London ṣì ń bi ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ wí?" Ọmọ tó ń kọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ gígé ló yẹ kó máa gbọ́?

Mo fẹ́ràn rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo. Ohùn ènìyàn kò wúwo rárá. Fóònù rẹ ń gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, mìlísẹ́kọ́ńdì 20 ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń di ègé kọ̀ọ̀kan sínú packet, ó sì ń rán an lọ. Packet 50 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà pẹ̀lú G.711, ìlànà ìkóhùn tí àwa onítẹlifóònù lò títí, gbogbo ẹrù náà kò ju nǹkan bíi kìlóbíìtì 80 lọ. Ìlà rẹ àtijọ́ lè gbé irú rẹ̀ 600 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà!

Àsìkò ló ń dà ọ́ láàmú. Ìwọ náà ti bá ìyá rẹ gún iyán rí, ọmọ odó méjì nínú odó kan. Bí ẹnì kan bá sọ tirẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí kò tíì kàn án, ọmọ odó á pàdé ọmọ odó, ì báà jẹ́ pé apá rẹ̀ yá ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Packet tó yẹ kó dé lẹ́yìn mìlísẹ́kọ́ńdì 20, tó wá dé lẹ́yìn 90, tí mẹ́ta mìíràn sì rọ́ wọlé tẹ̀ lé e, ìdàrú àsìkò yẹn ni wọ́n ń pè ní jitter.

Fóònù tó ń gba ohùn máa ń dá àwọn packet dúró díẹ̀, kó lè tú wọn sílẹ̀ létòlétò. Èyí tó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, á dà á nù. Má wá sọ fún mi pé kó máa dá wọn dúró pẹ́ sí i. Ohùn á já geere lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa pẹ́ kó tó dé. Àjọ ITU ti kọ ọ́ sínú ìwé G.114 pé kí ìrìn ohùn láti ẹnu dé etí má ju mìlísẹ́kọ́ńdì 150 lọ. Bó bá ti ń kọjá bẹ́ẹ̀, ìwọ àtàwọn ọmọ yẹn á máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín.

Níbo wá ni àwọn packet yìí ti ń tò? Ohun tó yẹ kí o wádìí kí o tó ná kọ́bọ̀ nìyẹn. Fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà. Ṣe ping, ìyẹn wíwọn àsìkò tí packet fi ń lọ tó sì ń bọ̀, sí ráútà fúnra rẹ̀, kí o tún ṣe é sí ibìkan lóde, nígbà tí ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí fáìlì ńlá kan máa lọ sókè, kí o tún un ṣe. Yọ wáyà, kí o tún gbogbo rẹ̀ ṣe lórí Wi-Fi. Má wo iye àárín o, irọ́ ló máa ń pa fún irú ẹjọ́ yìí. Èyí tó ga jù ni kí o wò, àti mdev tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ bí iye náà ṣe ń yí padà tó. Bí wáyà bá dára, tí Wi-Fi ń fò sókè sódò, Wi-Fi lẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. (Má sì ṣe ping sí fóònù tó ń sinmi, fóònù máa ń sùn kí bátìrì má baà tán, iye tí yóò fún ọ kò ní ìtumọ̀.) Bó bá ń fò lóde kódà nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, kó èsì náà tọ àwọn tó ń ta ìlà fún ọ lọ.

Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára fáìlì tó ń lọ sókè yẹn. Gbogbo fọ́tò rẹ ló ń gun Google Photos lọ bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ! Ní 2010, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jim Gettys rí irú rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀: bó bá ti ń rán fáìlì ńlá, gbogbo nǹkan yòókù á dúró. Àwọn tó ń ṣe ráútà ti kó mẹ́mọ́rì tó pọ̀ jù sínú wọn, packet wá ń tò síbẹ̀ lọ súà, kò sí èyí tí wọ́n ń dà nù, kọ̀ǹpútà tó ń rán fáìlì kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun rọra. Bufferbloat ló sọ ọ́. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ètò CoDel jáde, tó ń wo bí packet ṣe pẹ́ tó níbi tó ti ń tò. Bí ìdúró bá ń ju mìlísẹ́kọ́ńdì 5 lọ láìdẹwọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í da díẹ̀ nù. Àbúrò rẹ̀, fq_codel, ń ya ohùn rẹ sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́tò.

Ó wà nínú OpenWrt, sọ́fítíwià fún ráútà, ọ̀fẹ́ ni. Tan SQM, ìyẹn ètò tó ń darí àwọn packet tó ń tò, níbẹ̀, kí o fi iye rẹ̀ sí ìdá 85 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún iyára ìlà rẹ tí o bá wọ̀n, kí packet lè máa tò sọ́dọ̀ rẹ níbi tí apá rẹ ti ká a. Ṣe é lálẹ́ òní, fi àwọn èsì ping náà ránṣẹ́ sí mi kí kíláàsì Sátidé tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì pe àwọn tó ta 100 yẹn fún ọ pé o kò fẹ́ mọ́.