Àfonífojì Ikú: Ilẹ̀ Aṣálẹ̀, Iṣẹ́ Kùsà àti Ẹ̀kọ́ Tó Kù Fún Wa

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí àwọn ìgò gbọọrọ tí a ń lò nínú yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé. Iná a máa jó lábẹ́ wọn, síbẹ̀ wọn kì í sán. Ohun tó jẹ́ kí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lè fara da iná ni èròjà kan tí à ń pè ní bórọ́ọ̀nù, inú ohun àlùmọ́nì bíi bóráàsì ni a sì ti ń rí i. Bóráàsì yìí kan náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń bù sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ jó pọ̀, kí wúrà lè yọ́ kí ó sì lẹ̀ dáadáa. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ bóráàsì lọ sí aṣálẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kí a wo bí ilẹ̀ náà ti rí, àwọn tó wá wa kùsà níbẹ̀, àti ohun tó kù lẹ́yìn wọn. Orúkọ ibẹ̀ ni Death Valley, èyí tí í ṣe Àfonífojì Ikú.

Bí ilẹ̀ náà ti rí

Ìpínlẹ̀ California ni Àfonífojì Ikú wà, ṣùgbọ́n apá díẹ̀ nínú ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè tí a fi sọ orúkọ rẹ̀ wọ inú ìpínlẹ̀ Nevada. Ọgbà náà fẹ̀ tó éékà mílíọ̀nù 3.4. Bí a bá yọ ti Alaska sílẹ̀, kò sí ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè tó fẹ̀ tó o ní Amẹ́ríkà. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú rẹ̀, Badwater Basin, fi ẹsẹ̀ bàtà 282 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Òun náà ni ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá dúró lórí iyọ̀ tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ níbẹ̀, tó sì gbójú sókè sí ìwọ̀-oòrùn, yóò rí òkè Telescope Peak, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11,049, tí yìnyín sì máa ń bo orí rẹ̀ nígbà òtútù. Ìdí tí ọ̀gbun àti òkè fi wà nítòsí ara wọn báyìí ni pé ilẹ̀ apá ibẹ̀ ń fà gùn díẹ̀díẹ̀: bí ó ti ń fà, ó ń ya, apá kan ń rì, apá kejì sì ń gòkè.

Àwọn òkè wọ̀nyí ló sọ ibẹ̀ di aṣálẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti Òkun Pàsífíìkì a máa ru omi wá, ṣùgbọ́n ó ní láti gun òkè lẹ́yìn òkè kí ó tó dé àfonífojì náà. Orí àwọn òkè ni ó ti ń da òjò rẹ̀ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé òjò tó ń rọ̀ sínú àfonífojì kò ju nǹkan bí íǹṣì méjì lọ lọ́dún. Oòrùn ń pa ilẹ̀ tí kò ní ewéko púpọ̀. Ooru gòkè, ògiri òkè kò jẹ́ kí ó lọ, ó tún padà sísàlẹ̀, ó sì tún gbóná sí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913, wọ́n ka ìwọ̀n ooru 56.7 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbẹ̀, èyí tó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé.

Ẹni tó bá rí ibẹ̀ lónìí lè má gbà pé adágún omi ńlá ló wà níbẹ̀ ní ayé àtijọ́, nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ ní ayé. Ojú ọjọ́ yí padà, omi gbẹ, iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn sì kù sílẹ̀. Inú èròjà wọ̀nyẹn ni bóráàsì wà. Síbẹ̀, ilẹ̀ náà kò kú. Àwọn ẹja kéékèèké kan ṣì ń gbé inú odò oníyọ̀ rẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn ló gbé inú adágún àtijọ́ náà. Ibì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Racetrack, níbi tí àwọn òkúta wúwo ti ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ipa sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ àdììtú. Ní ọdún 2014 ni àwọn onímọ̀ kéde ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí: omi díẹ̀ a máa dúró síbẹ̀ nígbà òtútù, ojú rẹ̀ á dì ní òru, nígbà tí oòrùn bá sì yọ, yìnyín tó fẹ́lẹ́ náà á fọ́, afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ á sì máa fi í ti àwọn òkúta lọ.

Àwọn onílẹ̀

Kì í ṣe àwọn onílẹ̀ ló sọ ibẹ̀ ní Àfonífojì Ikú. Àwọn ènìyàn Timbisha Shoshone ti ń gbé ibẹ̀ kí àwọn awakùsà tó dé. Wọ́n mọ ibi tí ìsun omi wà. Nígbà ooru wọ́n a gòkè lọ sórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, wọn a sì kó èso igi páìnì jọ. Nígbà òtútù wọ́n a sọ̀ kalẹ̀ wá sí àfonífojì. Orúkọ wọn jẹ mọ́ ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń kun ara. Ibi tí àlejò pè ní ibojì, ilé ni ó jẹ́ fún wọn. Nígbà tí ìjọba sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ìpamọ́, wọ́n fi àwọn onílẹ̀ sí abúlé kékeré kan tí kò ju éékà 40 lọ. Ọdún 2000 ni òfin Amẹ́ríkà tó dá ilẹ̀ tó lé ní éékà 7,000 padà fún wọn.

Ìlérí ọdún 1849

Ní ọdún 1849, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rọ́ lọ sí California nítorí wúrà tí wọ́n rí níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn gbọ́ pé ọ̀nà àbùjá wà, wọ́n sì fi ọ̀nà tí afinimọ̀nà mọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n bá ara wọn nínú àfonífojì náà, láìmọ ibi tí wọn yóò gbà jáde. Oúnjẹ ń tán lọ, màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́-ẹrù wọn ti rù hangangan, àwọn ọmọdé sì wà láàárín wọn.

Ìdílé Bennett àti ìdílé Arcan dúró síbi ìsun omi kan, wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, William Lewis Manly àti John Rogers, pé kí wọ́n lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi rin ọ̀nà tó lé ní máìlì 200, títí wọ́n fi dé oko ọ̀sìn kan ní apá Los Angeles. Wọ́n ti rí omi, wọ́n ti rí oúnjẹ, ẹ̀mí wọn sì ti yọ. Ta ni yóò bá wọn wí bí wọn kò bá padà? Ṣùgbọ́n wọ́n padà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n dé pẹ̀lú oúnjẹ àti ìbaaka kan tó fọ́ lójú kan, nítorí wọ́n ti ní láti fi àwọn ẹṣin wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n sì kó àwọn ìdílé méjèèjì jáde láàyè. Ìtàn sọ pé bí wọ́n ti dé orí òkè ni wọ́n bojú wẹ̀yìn tí wọ́n sì dágbére fún Àfonífojì Ikú. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Bóráàsì, wúrà funfun

Ní ọdún 1881, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Aaron Winters àti Rosie aya rẹ̀ ń gbé nítòsí aṣálẹ̀ náà nínú àìní. Wọ́n gbọ́ lẹ́nu àlejò kan bí a ti ń dá bóráàsì mọ̀: bí a bá da ásíìdì àti ọtí líle lé e, tí a sì ṣáná sí i, iná rẹ̀ yóò jó bí àwọ̀ ewé. Wọ́n bu ohun funfun tó wà lórí ilẹ̀ àfonífojì náà, wọ́n dán an wò ní òru, iná náà sì jó bí àwọ̀ ewé. Oníṣòwò kan, William Coleman, ra ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ náà ní 20,000 dọ́là.

Coleman dá ilé-iṣẹ́ Harmony sílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ láti ọdún 1883 títí di 1888. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ń ha bóráàsì nílẹ̀ nínú oòrùn yẹn, owó iṣẹ́ wọn kò sì ju dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 30 lọ lójúmọ́, nínú èyí tí wọ́n ti ń san owó oúnjẹ àti ibùgbé. Wọn a sè é nínú omi, wọn a sì jẹ́ kí omi tutù kí bóráàsì lè dì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò lè tutù, iṣẹ́ sì ní láti kó lọ sí ibòmíràn.

Bí wọ́n ti ń kó ẹrù jáde tún jẹ́ ìyanu. Ìbaaka 18 àti ẹṣin méjì ni wọ́n ń so pọ̀ láti fa kẹ̀kẹ́-ẹrù ńlá méjì àti àgbá omi kan. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù 36 lọ, máìlì 165 ni wọ́n sì ń rìn, fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n tó dé ojú irin ní Mojave. Ní ọdún 1888, òwò Coleman dẹnu kọlẹ̀, Francis Marion Smith sì gba ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn náà. Orúkọ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí wà nínú ìtàn, àwòrán àwọn ìbaaka wọnnì sì wà lára páálí bóráàsì títí di òní. Ṣùgbọ́n ta ló lè dárúkọ ẹnì kan péré nínú àwọn ará Ṣáínà tó ha iyọ̀ náà nílẹ̀?

Àwọn ìlú tó kọ mọ̀nà

Lẹ́yìn bóráàsì ni wúrà tún pe ènìyàn. Ní ọdún 1904, wọ́n rí wúrà ní ibi tó di ìlú Rhyolite, lẹ́bàá ààlà ọgbà ìpamọ́ náà. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀. Iná mànàmáná dé, báńkì alájà mẹ́ta dé, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé alájà méjì tí wọ́n parí ní 1909. Ṣùgbọ́n ní 1907 ni ọ̀wọ́n owó ti dé bá báńkì káàkiri Amẹ́ríkà. Ibi ìwakùsà tó tóbi jù níbẹ̀ kógbá wọlé ní 1911, wọ́n sì já iná ìlú náà ní 1916. Ilé-ìwé náà kò kún fún ọmọ rí títí ìlú fi tú. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró nínú aṣálẹ̀.

Ti Leadfield tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1926, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ C. C. Julian polówó òjé tó wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò lè tán láé. Ó fi ọkọ̀ ojú irin kó èrò wá wò ó, àwọn ènìyàn sì fi owó ìfipamọ́ wọn ra ìpín. Òjé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń wà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú náà ṣí ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì tì í ní oṣù Kìíní ọdún 1927.

Láti ibi kùsà di ọgbà ìpamọ́

Ní ọdún 1933, Ààrẹ Hoover fi òfin dáàbò bo àfonífojì náà. Ní 1994, ó di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ kùsà kò dáwọ́ dúró lójú kan náà. Nígbà tí ọ̀fìn tí ẹ̀rọ ńlá ń gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ba ilẹ̀ jẹ́, òfin ọdún 1976 fi ìjánu sí wíwa kùsà nínú àwọn ọgbà ìpamọ́. Títí di òní, àwọn ihò àtijọ́ ṣì jẹ́ ewu: igi tó gbé òkè wọn ró ti jẹrà, afẹ́fẹ́ inú wọn sì lè pani. Ẹni tó gbẹ́ ihò ti kú tipẹ́, ihò ṣì ń ṣọ́ ẹni tí yóò jìn sí i.

Ohun tó yẹ kí a rí kọ́

Nínú orí 28 ìwé Jóòbù, a kà nípa àwọn tí ń walẹ̀ fún fàdákà àti wúrà nínú òkùnkùn, a sì kà á níbẹ̀ pé ọgbọ́n kò sí nínú ohun tí a lè fi ọkọ́ wà. Àfonífojì Ikú jẹ́rìí sí i. Winters dán ohun tó rí wò kí ó tó gbà á gbọ́. Àwọn tó kó owó wọn fún Leadfield kò dán nǹkan kan wò. Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tí a rán ilé-ìwé nìyí: kí ọmọ lè mọ bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó fi ayé rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, tiyín ni ìtàn Manly àti Rogers. Wọ́n ti là, wọ́n sì rántí àwọn tó ń wọ̀nà fún wọn. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ilé-ìwé Rhyolite ní ògiri, kò ní ọmọ; tiwa ní ọmọ. Ẹni tí ọ̀nà ti là fún, kí ó padà wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbaaka olójú kan ni ó rí fà bọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ló dé tí òjò kò fi ń dé Àfonífojì Ikú, tí ooru rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín bí àwọn Timbisha ti lo ilẹ̀ náà àti bí àwọn awakùsà ti lò ó?
3. Bí ẹnì kan bá wá polówó ọrọ̀ òjijì fún ìdílé wa, ìbéèrè wo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í?
4. Ta ló ń wọ̀nà fún ìpadàbọ̀ wa?