Orí Keje: Níbo ni “it” yóò jókòó?

Bí ọmọ kan bá fi aago ìyá rẹ̀ ṣeré títí aago náà kò fi ṣiṣẹ́ mọ́, a ó ní ó ba aago jẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé “ó bàjẹ́ aago”. A la ọ̀rọ̀-ìṣe sí méjì, a ki aago bọ àárín. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé wọ́n tàn mí jẹ, tàbí pé ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni àwọn olùkọ́ Yorùbá ń pè é. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ti le jù fún ọmọ Yorùbá, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ sì wò ó, mo tún ti la òmíràn báyìí.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀. Wọn a mú ọ̀rọ̀-ìṣe kúkúrú kan, bíi put, get, look tàbí turn, wọn a so ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ ọn nídìí: up, off, out, on, after. Bí wọ́n bá ti so ó tán, ìtumọ̀ lè yí padà pátápátá. Put lásán ni kí a gbé nǹkan síbì kan. Put out the fire ni kí a paná. Put off the meeting ni kí a sún ìpàdé sí ọjọ́ mìíràn. Ẹ ò lè jókòó ti put àti off kí ẹ fi wọ́n ṣírò ìtumọ̀ yẹn. Odindi la ń kọ́ ọ, bí a ṣe ń kọ́ orúkọ ènìyàn.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ àlejò lẹ́nu. Samuel Johnson, tó gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1755, kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ pé ibí yìí ló ń nira jù fún àjèjì. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí, phrasal verb, wà nínú ìwé kan tí Logan Pearsall Smith tẹ̀ jáde lọ́dún 1925. Ó ní Henry Bradley, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, ló fún òun ní orúkọ náà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn phrasal verb ló ní ẹnìkejì tó gùn, tó sì ń wọ agbádá: postpone fún put off, extinguish fún put out, tolerate fún put up with. Láti inú èdè Látìn ni irú àwọn ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ ti wá, púpọ̀ nínú wọn sì gba ẹnu Faransé wọlé lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066. Inú ìwé la ti sábà ń pàdé wọn. Ẹni tó mọ postpone dáadáa lè wá dúró níwájú nọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń sọ pé wọ́n ti put off ọjọ́ tí dókítà yóò rí i, kí ó má mọ̀ bóyá kóun máa lọ sílé tàbí kóun dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí iṣẹ́ wà. Oríṣi méjì ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, tó fara mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe; èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn, tó ń fa ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀lé e mọ́ra. Ohun tó ń dani láàmú ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Turn off the light.
Turn off the road.

Èkíní ní kí a pa iná. Èkejì ní kí awakọ̀ yà kúrò lójú títì. Off inú ti èkíní, ti turn ni. Àpọ́nlé ni, ó sì ṣeé gbé kiri. A lè sọ pé turn off the light, a sì lè sọ pé turn the light off. Ẹ dán èyí wò pẹ̀lú títì, ẹ ó rí i pé turn the road off kò bọ́ sí i, nítorí títì kì í ṣe gílóòbù. Off tibẹ̀ jẹ́ atọ́kùn, kò sì ní kúrò níwájú road.

Ẹ wá mú light àti road kúrò, kí ẹ fi it dípò wọn. Ti iná yóò di turn it off. Ti títì yóò di turn off it. Ìdánwò náà nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ kékeré bá jẹ́ àpọ́nlé, dandan ni kí it, him, her, them tàbí me jókòó sí àárín. Turn off it kò ṣeé sọ nípa iná láé. Bí ó bá jẹ́ atọ́kùn, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí: look after him, ẹ tọ́jú rẹ̀. Look him after kò sí níbì kankan. Ibí yìí ni ẹlẹ́là tiwa ti yàtọ̀ sí tiwọn: Yorùbá ń ki aago bọ àárín bó ṣe ń ki arọ́pò-orúkọ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, arọ́pò-orúkọ nìkan ló pọn dandan kó jókòó síbẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé gígùn bíi suddenly àti quickly náà ní ibi tí wọ́n lè gbà. Wọ́n lè gba iwájú atọ́kùn kọjá: he turned suddenly off the road. Wọn kò lè la turn àti off ti iná láàárín. Suddenly lè lọ síwájú turned: he suddenly turned off the light. Etí tún ń ràn wá lọ́wọ́: nínú turn it off, off ni ohùn Òyìnbó máa ń fi agbára pè; nínú look at him, look ló ń gba agbára, at a sì máa yára kọjá.

Nígbà mìíràn, méjèèjì a jọ tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe kan, àpọ́nlé ṣáájú, atọ́kùn tẹ̀lé e: put up with the noise, run out of fuel, look forward to the party. Kò sí ìyọnu it níbẹ̀, ẹ̀yìn pátá ló ń lọ: put up with it. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún look forward to, torí lẹ́tà wa kì í kásẹ̀ nílẹ̀ láìsí i. To yẹn, atọ́kùn ni. Nítorí náà, I look forward to hearing from you la ń kọ, kì í ṣe to hear. Mo ti rí to hear lábẹ́ lẹ́tà àwọn tó kàwé dáadáa.

Nílé wa ní Nàìjíríà, a tún ní bí a ṣe ń ṣe é. A máa ń ní kí wọ́n off the light, kí wọ́n on the gen, kí wọ́n pick my call. A ju turn nù nínú méjì àkọ́kọ́, a ju up nù nínú ẹ̀kẹta. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ, iná sì ń kú. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò àti lẹ́tà iṣẹ́, ẹ dá turn àti up padà sáàyè wọn. Ti cope up with ló ń bí mi nínú, nítorí up tí kò sẹ́ni tó pè ló wọ ibẹ̀. Cope with it ti tó.

Ẹ mú bíírò. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta yìí sílẹ̀, kí ẹ fi it rọ́pò ọ̀rọ̀-orúkọ tó kẹ́yìn: They called off the strike. She looked over the letter. She looked over the wall. Kí ẹ tó kọ ìdáhùn, ẹ bi ara yín ohun tí obìnrin náà ń ṣe sí lẹ́tà, àti ibi tí ojú rẹ̀ gbà kọjá lára ògiri.