Irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé

Ìbéèrè: Kí ni kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kékeré ní Ṣómólú tàbí Bàríga kọ́kọ́ kọ́?

Ìdáhùn: Koha ni, ètò orí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ilé ìkàwé. Ilé ìkàwé kan ní New Zealand ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, òun ló ń ṣètò àkọsílẹ̀ ìwé, yíyá àti dídá padà. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ nọ́ńbà ISBN ìwé kan, Koha lè fa àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá láti ilé ìkàwé ńlá lókè òkun. Ṣùgbọ́n Ṣómólú tí a ń wí yìí, ìlú àwọn atẹ̀wé ni: ìwé tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ lè má sí lókè òkun rárá. Òṣìṣẹ́ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú èyí sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye lórí orúkọ òǹkọ̀wé àti àkọlé. Iṣẹ́ iyebíye gan-an sì ni.