Ẹ Gùn Ún Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí a bá fẹ́ ra bàtà, a kì í kàn gbé e kí a máa lọ sílé. A ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, a ó dìde dúró, a ó sì rìn díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ń fún wa lẹ́sẹ̀, a ó dá a padà, a ó béèrè òmíràn. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí wa. Àwọn àgbà ló sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun ìyanu ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń dán bàtà wò báyìí kì í dán alùpùpù wò. Wọ́n á rí i tó ń dán gbinrin, wọ́n á gbọ́ bí ó ṣe ń dún, ọkàn wọn á sì fà sí i. Kí á tó ṣẹ́jú, owó ti jáde lápò. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, tí ọwọ́ wọn á máa kú tipiri. Àwọn mìíràn á gbé e ṣubú níbi tí wọ́n ti fẹ́ yí padà. Bàtà tó fún wa kò lè ju kó bó wa lẹ́sẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí kò bá ara wa mu lè ṣẹ́ wa lẹ́sẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa alùpùpù ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní krúsà. A ó rí bí ènìyàn ṣe ń gùn ún wò, àti bí ó ṣe lè mọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu.

KÍ NI KRÚSÀ?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni krúsà ti wá. Ilé iṣẹ́ Indian bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Springfield ní 1901. Ilé iṣẹ́ Harley-Davidson bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní 1903. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gùn, ó sì tọ́. Ènìyàn lè fi odidi ọjọ́ kan wà lórí alùpùpù kó má tíì dé ibi tó ń lọ.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni krúsà bá mu. Ìjókòó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì fẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ga, ó tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn ún. Irin ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ sábà máa ń wà níwájú. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ dà bí ẹni tó rọ̀gbọ̀kú sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará Japan náà ń ṣe é. Yamaha gbé Virago jáde ní 1981, Honda sì gbé Shadow jáde ní 1983. Lónìí, a ń rí irú alùpùpù ńlá bẹ́ẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú, tí àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ń gùn káàkiri.

Ó WÚWO

Alùpùpù kékeré tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn sábà máa ń wúwo tó kìlógíráàmù 100 sí 130. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Nítorí náà, ọ̀kadà kan wúwo tó bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì tàbí méjì ààbọ̀.

Ẹ wá wo ti krúsà. Honda Rebel 500 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kékeré wọn. Ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 190. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò mẹ́rin. Harley-Davidson Road King ní tirẹ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 360 lọ. Ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méje lọ!

Ta ni apá rẹ̀ lè ká àpò sìmẹ́ǹtì méje? Kò sí. Kì í ṣe agbára apá ni a fi ń gun krúsà. Bí ó bá dúró ṣánṣán, agbára díẹ̀ ló máa ń gbà láti mú un dúró. Bí ó bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan jù, wàhálà dé nìyẹn. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó ń rà á ń wá ni èyí tí òun lè mú dúró ṣánṣán, nígbà gbogbo, níbi gbogbo.

NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ, KÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ TÓ DÚN

Ìdánwò mẹ́rin wà tí a lè ṣe láìtan iná rárá. Ẹ wọ irú bàtà tí ẹ ó máa fi gùn ún lọ síbẹ̀. Bàtà tó ga ní gìgísẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ.

Èkíní, ẹsẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé alùpùpù náà dìde kúrò lórí ìdúró rẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ dáadáa, àti gìgísẹ̀? Àbí ọmọ ìka nìkan ló kan ilẹ̀? Ẹni tí ọmọ ìka rẹ̀ nìkan kan ilẹ̀ lè dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí yanrìn tàbí ibi ìdàgẹ̀rẹ́ ńkọ́? Ìwé lè sọ fún wa bí ìjókòó ṣe ga tó. Ti Rebel 500 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ mìlímítà 690. Síbẹ̀, ìwé kò sọ gbogbo rẹ̀. Bí ìjókòó bá fẹ̀, yóò ya itan wa síra, ẹsẹ̀ kò sì ní balẹ̀ tó bí a ṣe rò.

Èkejì, ọwọ́. Ẹ yí ọwọ́ alùpùpù sí òsì títí dé òpin, kí ẹ yí i sí ọ̀tún títí dé òpin. Ṣé ọwọ́ yín ṣì dé e? Bí apá bá nà tán, tí èjìká ń tẹ̀ lé e lọ, kò bá yín mu. Ibi tí ènìyàn ti ń rọra yí padà lójú ọ̀nà tóóró ni irú rẹ̀ ti ń gbéni ṣubú. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ìka yín ká bíréèkì àti kíláàṣì. Ọwọ́ tó ga ju èjìká lọ lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n apá tó wà lókè fún wákàtí kan máa ń rẹni, ó sì máa ń kú tipiri.

Ẹ̀kẹta, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè síbẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá di alùpùpù náà mú fún yín. Ṣé ẹ lè tẹ bíréèkì láìna ara? Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ìdí tí ẹ̀yìn fi ń ro àwọn kan lórí krúsà. Bí ẹsẹ̀ bá wà lábẹ́ wa, a lè fi ẹsẹ̀ gbé ìdí sókè díẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ bọ́ sí kòtò. Orúnkún ni yóò gba ìkọlù náà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá nà sí iwájú, a kò lè gbé ìdí. Kòtò kọ̀ọ̀kan á máa kọlu ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wa tààrà.

Ẹ̀kẹrin, títì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tì í síwájú, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú krúsà kò ní jíà tí a fi ń padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ yín ni jíà náà. Bí ẹ kò bá lè fà á sẹ́yìn lórí ilẹ̀ títẹ́, kí lẹ ó ṣe níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́?

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Bí ó bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kù kí a gùn ún. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń kó alùpùpù wá síbi tí èrò pọ̀ sí, kí ènìyàn lè gùn ún wò. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú Daytona nínú oṣù kẹta, níbi àpèjọ ọlọ́dọọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1937. Wọ́n tún máa ń ṣe é ní ìlú Sturgis nínú oṣù kẹjọ, níbi èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1938. Ẹni tó fẹ́ gùn ún ní láti ní ìwé àṣẹ ìgun alùpùpù, akoto, ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò sì tẹ̀ lé ẹni tó mọ ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ aládàáni ni a ti fẹ́ rà á, òun náà ń bẹ̀rù olè. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní kí a kó owó náà lé àwọn lọ́wọ́ ná, kí a tó gùn ún lọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé owó wa yóò padà bí alùpùpù náà kò bá tẹ́ wa lọ́rùn.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré. Ẹ kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ dúró, kí ẹ tún rìn. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ mọ bí ó ṣe ń dúró. Ẹ yí padà níbi tí kò sí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀nà bá dára, kí ẹ sáré tó bí òfin ṣe gbà, kí ẹ sì kíyè sí nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́. Ẹni tó jókòó gangan láìsí gíláàsì níwájú dà bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn, apá rẹ̀ á sì máa dì í mú. Èkejì ni gbígbọ̀n. Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n títí tí wọ́n fi ń yún yín? Ẹ̀kẹta ni ooru. Ẹ́ńjìnnì ńlá wà nítòsí itan. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dì mọ́ra lójú ọ̀nà ni ooru rẹ̀ ń fi ara hàn.

ÌṢẸ́JÚ MẸ́WÀÁ MÁA Ń PURỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ara kì í sọ òótọ́ kíákíá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ayọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìjókòó tó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀ lè dùn jọjọ. Lẹ́yìn wákàtí kan ni egungun ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ìjókòó tó le díẹ̀ lè wá jẹ́ èyí tó dára jù.

Nítorí náà, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yá irú rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó ń yá krúsà fún ènìyàn. Owó ọjọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó alùpùpù tí a kò ní lè gùn. Bí ẹ bá fẹ́ máa gbé ọkọ tàbí ìyàwó sẹ́yìn, ẹ mú un dání. Ara tirẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

OHUN TÓ ṢEÉ TÚN ṢE

A lè pààrọ̀ ìjókòó. A lè sún ọwọ́ alùpùpù mọ́ra, a sì lè sún irin ìgbẹ́sẹ̀lé lórí ọ̀pọ̀ wọn. A lè fi gíláàsì síwájú nítorí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo kò ṣeé dín. Bí ohun kékeré ni kò bá yín mu, ẹ bi mẹkáníìkì léèrè iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò jẹ́, kí ẹ fi kún owó náà. Bí ó bá jẹ́ ìwúwo ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Bí krúsà bá ṣubú, ẹ má fi ẹ̀yìn títẹ̀ gbé e. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ẹ ti na irin ìdúró rẹ̀ jáde ná, kó má baà wó sí òdìkejì. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ìdí yín ti ìjókòó rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan mú ọwọ́ alùpùpù, kí ẹ fi èkejì mú irin ara rẹ̀. Kí ẹ̀yìn yín tọ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi tì í, kí ẹ máa rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dìde.

Ẹ MÁ TIJÚ

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà ni ìtìjú. Ọ̀rẹ́ wọn ń gun èyí tó tóbi, àwọn náà kò fẹ́ gun kékeré. Ẹni tó ń tà á ti sọ pé, "Ó bá yín mu gan-an!" Ojú ń tì wọ́n láti sọ pé ó wúwo jù. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ra alùpùpù, ojú ayé ló rà. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí púpọ̀ nínú alùpùpù ńlá ti jẹ́ tòkunbọ̀, ẹni tó ń tà á lè má jẹ́ kí a gùn ún. Kí a kúkú ṣe ìdánwò mẹ́rin ti ṣọ́ọ̀bù, kí a mú mẹkáníìkì dání, kí a má sì sanwó lọ́jọ́ náà. Kí a lọ sùn lé e.

Lọ́kùnrin lóbìnrin ló ń gun krúsà, ẹni gíga àti ẹni kúkúrú. Tiwọn kò jọra. Bí ara yín bá sọ pé rárá, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Òun ni yóò jókòó síbẹ̀, kì í ṣe ojú àwọn tó ń wò yín.

ÌBÉÈRÈ

1. Àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ni Road King wúwo jù lọ?

2. Ìdánwò mẹ́rin wo ni a lè ṣe kí ẹ́ńjìnnì tó dún?

3. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ tó nà sí iwájú fi lè mú ẹ̀yìn roni?

4. Kí ló dé tí a fi sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń purọ́?

5. Ǹjẹ́ ẹ ti ra ohun kan rí nítorí ojú ayé? Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ jọ ń kàwé.